Ẹ̀ṣẹ̀ àti Ìwà Ọ̀daràn: Ohun tí Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Bá Ìjọba Sọ Láàárín 1954 sí 1967

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìdáhùn rẹ̀ kì í pẹ́ jáde lẹ́nu wa. Ẹnikẹ́ni kàn dárúkọ ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lòpọ̀, tàbí obìnrin tó ń bá obìnrin lòpọ̀, kíá lẹ máa gbọ́ ọ: "Òyìnbó ló kó o wá." Ọ̀rọ̀ tán. N kò wá jiyàn lórí ibi tí ìwà náà ti wá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò ni òfin tí wọ́n fi ń mú àwọn ènìyàn yìí, nítorí òun gan-an la mọ ẹni tó kó o wá. Òyìnbó ni. Àwọn òyìnbó yẹn kan náà ló padà jókòó tí wọ́n fi ọdún 13 bá ara wọn sọ ọ́, nínú ìwé ìròyìn, nínú fíìmù, nílé aṣòfin, kí wọ́n tó yí i padà. Àwọn àlùfáà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ la ẹnu. Ibẹ̀ gan-an ló kàn mí.

Ṣáájú ọdún 1533, kóòtù ìjọ ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba Henry Kẹjọ (ẹ mọ̀ ọ́n, ọba tó fẹ́ ìyàwó mẹ́fà) ló gbé e kúrò lọ́wọ́ ìjọ lọ sí kóòtù ọba, ó sì di ẹjọ́ ikú. Àwọn tí wọ́n yẹgi fún kẹ́yìn lórí rẹ̀ ni James Pratt àti John Smith, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù kọkànlá ọdún 1835. Ní 1861, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n rọ́pò ikú, ẹ̀wọ̀n tó lè di gbére.

Ọdún 1885 ni ọ̀rọ̀ wá gba ibòmíràn. Ilé aṣòfin ń ṣe òfin kan láti dáàbò bo àwọn ọmọdébìnrin, òfin tó dára. Lóru ọjọ́ kan, aṣòfin kan tó ń jẹ́ Henry Labouchere dìde, ó ní kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún un: ìwà àìmọ́ láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin, ìbáà ṣe ní gbangba, ìbáà ṣe ní kọ̀rọ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Wọn kò jiyàn púpọ̀. Ó wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró díẹ̀ lórí "ní kọ̀rọ̀" yẹn. Ohun tí ènìyàn méjì ṣe ní ìyẹ̀wù tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, ta ni yóò lọ sọ fún ọlọ́pàá? Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí ẹni tó jí lẹ́tà wọn. Ẹni náà kò sì ní ìdí kan láti sáré lọ bá ọlọ́pàá nígbà tó lè kọ́kọ́ lọ bá ẹni tọ́ràn kàn, kó ní, "Kí lo máa fún mi?" Ìdí rèé tí àwọn ènìyàn fi sọ òfin náà ní ìwé àṣẹ àwọn alọ́nilọ́wọ́gbà. Oscar Wilde tó ń kọ eré orí ìtàgé, tí wọ́n rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára ní 1895, àwọn kan ti kọ́kọ́ mú lẹ́tà rẹ̀ wá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹjọ́ tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a fò dé ọdún 1952. Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò tó wà lára àwọn tó tú àṣírí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun Jámánì nígbà ogun, ń gbé nítòsí Manchester. Olè fọ́ ilé rẹ̀. Bí ẹ̀yin àti èmi yóò ṣe ṣe náà ló ṣe: ó lọ fi ẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹni tó mọ olè náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí òun àti Turing ń bára wọn lò. Bí ọlọ́pàá ṣe ń bi í léèrè, ọ̀rọ̀ yí padà, ẹni tí wọ́n jà lólè di ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn. Kóòtù ní kó yan ẹ̀wọ̀n tàbí oògùn tó ń pa agbára ọkùnrin. Ó yan oògùn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 1954, ó kú nípa májèlé, wọ́n sì sọ pé òun ló pa ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 41 ni.

Ní 1954 yẹn kan náà, ẹjọ́ mìíràn gba gbogbo ìwé ìròyìn. Wọ́n dá Lọ́ọ̀dù Montagu lẹ́bi ní Winchester pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ Michael Pitt-Rivers àti akọ̀ròyìn Daily Mail kan, Peter Wildeblood. Montagu gba oṣù 12, àwọn méjì yòókù gba oṣù 18 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Wildeblood jáde, kò sá pamọ́. Ó kọ ìwé kan ní 1955, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó sì sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ẹ rò ó wò, ní ọdún 1955!

Àárín ìgbà yìí ni ìjọ dá sí i. Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbìmọ̀ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúwàbí. Ní 1954, ìgbìmọ̀ náà tẹ ìwé kékeré kan jáde. Àlùfáà Derrick Sherwin Bailey ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé náà kò sọ pé ìwà yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ló pè é. Ìbéèrè tó wá gbé síwájú ìjọba nìyí: panṣágà ń tú ilé ká, ó ń sọ ọmọ di aláìní bàbá, síbẹ̀ kò sí òfin tó ń rán panṣágà lọ sí ẹ̀wọ̀n. Àgbèrè náà ńkọ́? Obìnrin tó ń bá obìnrin lòpọ̀ náà ńkọ́? Òfin Gẹ̀ẹ́sì kò sọ nǹkan kan sí wọn. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo yìí, láàárín àgbàlagbà méjì tí kò fipá mú ara wọn, ni òfin ń wọ inú yàrá lọ bá? Wọ́n sì tọ́ka sí èso tí òfin náà ń so: àwọn tí wọ́n ń fi dẹ́rù bà gba owó, àwọn tí ń pa ara wọn. Wọ́n ní kí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí rẹ̀.

(Bailey tún kọ ìwé ńlá kan ní 1955, níbi tó ti sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ Sódómù kò ju ìwà àìdáa sí àlejò lọ. Èmi kò bá a dé ibẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú yín náà kò ní bá a débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí Sódómù ṣì ní láti dáhùn ìbéèrè rẹ̀ lórí panṣágà. Àwa náà ń bá panṣágà wí lórí pẹpẹ. Ní gúúsù Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti wá, òfin kì í mú panṣágà lọ sí ẹ̀wọ̀n títí dòní, n kò sì tíì gbọ́ kí alàgbà kan dìde pé kí wọ́n máa mú un.)

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ náà dìde ní oṣù kẹjọ ọdún 1954, ènìyàn 15, John Wolfenden, ọ̀gá àgbà yunifásítì Reading, sì ni alága. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n fún wọn: ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin yìí àti ọ̀rọ̀ àwọn aṣẹ́wó. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí ni pé kí ojú má baà ti àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀, orúkọ bísíkíìtì ni wọ́n fi ń pe àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ńlá kan wà ní Reading, Huntley & Palmers. Wọ́n sọ àwọn ọkùnrin náà ní Huntley, wọ́n sọ àwọn aṣẹ́wó ní Palmer. Àgbààgbà tí wọn kò lè pe nǹkan lórúkọ ló ń ṣe òfin lé e lórí! Ọmọ Wolfenden gan-an, Jeremy, sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní bísíkíìtì.

Síbẹ̀ wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn. Ọjọ́ 62 ni wọ́n fi jókòó. Wọ́n gbọ́ ẹnu adájọ́, ọlọ́pàá, dókítà àti aṣojú ìjọ. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an náà wá jókòó níwájú wọn: Wildeblood, dókítà ojú kan tó ń jẹ́ Patrick Trevor-Roper, àti Carl Winter tó ń ṣàkóso ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fitzwilliam ní Cambridge. Ẹ má fi ojú kékeré wo mẹ́ta yẹn. Ṣáájú ìgbà náà, inú àpótí ẹlẹ́jọ́ nìkan ni irú wọn ti máa ń bá ìjọba sọ̀rọ̀.

Ìjábọ̀ náà jáde ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1957. Nínú àwọn 13 tó ṣẹ́kù, 12 fọwọ́ sí i pé ohun tí àgbàlagbà méjì bá fi ìfẹ́ inú ara wọn ṣe ní kọ̀rọ̀ kò yẹ kó jẹ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn mọ́. James Adair, ọmọ Scotland, nìkan ló kọ̀. Ní oṣù kejìlá, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, Geoffrey Fisher, dìde nílé àwọn Lọ́ọ̀dù, ó sì ti ìjábọ̀ náà lẹ́yìn. Fisher yìí kì í ṣe ẹni tó ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ohun tó sọ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀, ìwà ọ̀daràn ọ̀tọ̀, àti pé ibì kan wà nínú ayé ènìyàn tí òfin kò gbọdọ̀ wọ̀.

Ìjọba kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n dìbò lórí rẹ̀ ní 1960, 213 kọ̀ ọ́, 99 péré ló gbà á.

Ní 1961 ni fíìmù kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Victim. Basil Dearden ló darí rẹ̀. Dirk Bogarde, tí àwọn ọmọbìnrin Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn bí ojú, ló ṣe lọ́yà tó ti níyàwó, tó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oyè ńlá nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí òun àti lọ́yà yìí mọra ń jí owó ọ̀gá rẹ̀ láti fi san fún àwọn tó mọ àṣírí wọn. Ọlọ́pàá mú un. Kàkà kó dárúkọ lọ́yà náà, ó pokùnso ní àgọ́ ọlọ́pàá. Lọ́yà wá pinnu láti bá ọlọ́pàá mú àwọn alọ́nilọ́wọ́gbà náà, bó tilẹ̀ mọ̀ pé oyè òun yóò bá a lọ. Fíìmù yẹn kò fi ìbálòpọ̀ kankan hàn. Owó ló fi hàn, àti ẹ̀rù. Nígbà tí òfin yí padà tán, Lọ́ọ̀dù Arran tó gbé àbá òfin náà nílé àwọn Lọ́ọ̀dù kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí Bogarde.

Òfin yí padà ní oṣù keje ọdún 1967, fún ẹni tó bá ti pé ọdún 21. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales nìkan ló kàn. Scotland dúró di 1980, Northern Ireland di 1982. Michael Ramsey ló wà lórí àga Canterbury nígbà náà, òun náà sì ti sọ̀rọ̀ fún àyípadà yìí nílé àwọn Lọ́ọ̀dù láti 1965.

Àwa ńkọ́? Òfin tí wọ́n kọ fún Queensland ní Ọsirélíà ní 1899 ni Lugard mú wá sí Àríwá ní 1904. Ní 1916 ó di ti gbogbo Nàìjíríà. Ọdún 14 ló kọ síbẹ̀. Nígbà tí Àríwá gba Penal Code tirẹ̀ ní 1960, láti Sùdáànì ni wọ́n ti wò ó, Sùdáànì wò ó láti Íńdíà, òyìnbó ló kọ ti Íńdíà. Ọdún 14 náà ni. Nítorí náà, nígbà tí àwọn Lọ́ọ̀dù ń jiyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1957, òfin wọn wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ìjíròrò wọn kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí òfin mìíràn: ọdún 14 fún ìgbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo, ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó ń ti irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìjọ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ṣe fíìmù Ìfé ní 2020, nípa obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò halẹ̀ ẹ̀wọ̀n mọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Gbogbo wa mọ ẹsẹ 9 nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 6. A máa ń kà á. Ẹsẹ 10 tó tẹ̀lé e dárúkọ olè, ó dárúkọ ọ̀mùtí, ó sì dárúkọ àwọn alọ́nilọ́wọ́gbà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú Bíbélì Yorùbá, ó wà níbẹ̀ gbangba. N kò rántí ìgbà tí mo gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé iṣẹ́ náà ti dé àárín wa. Àwọn ọmọkùnrin kan ń jókòó sórí fóònù, wọ́n ń ṣe bí ẹni ń wá ọ̀rẹ́, wọ́n á fa ènìyàn wá sínú ilé kan, wọ́n á nà án, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ ní ìhòòhò, wọ́n á wá ní kó máa fi owó ránṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ kan tí mo ti sìn rí bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ó fún mi láyè láti sọ ọ́, mo sì ti yọ ohun tó lè jẹ́ kí ẹ dá a mọ̀ kúrò. Oṣù méje ló fi ń sanwó. Ó ta kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀, ó yá owó àjọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ rò pé ó ń ta tẹ́tẹ́ ni. Òfin wà tó mú ẹni tó ń ṣe irú èyí: Penal Code mú un, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 náà mú un. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, pé èmi fúnra mi yóò wọ kọ́là mi tẹ̀lé e.

Ó wò mí. Ó ní, "Dádì, tá a bá débẹ̀, tí wọ́n bá bi mí pé kí ni wọ́n mọ̀ nípa mi, kí ni kí n sọ?"