Harvard Kọ́ Ló Ṣòfin Harvard

Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni wọn kò tíì dá pírójẹ́ẹ̀tì padà fún nítorí kọ́mà kan tó yẹ kó wà láàárín orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ìdí, wọn á ní bí Harvard ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ ni pé àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ yunifásítì náà ló jókòó l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣòfin bí aráyé yóò ṣe máa tọ́ka sí iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Edward Laurens Mark, onímọ̀ nípa ẹranko tó ń kọ́ni ní Harvard, ni wọ́n tọpa ìlànà ìtọ́kasí yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 1881, ó tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹyin Limax campestris, irú ìgbín kan tí kò ní ìkarahun: bí ẹyin náà ṣe ń gbó, àti bí ó ṣe ń pín sí wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ náà lé ní 400 ojú ìwé. Níbẹ̀ ni Mark ti fi ọdún tí ìwé kan jáde sínú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ ẹni tó kọ ọ́, tó sì fi àlàyé kékeré sísàlẹ̀ ojú ìwé kí òǹkàwé má baà dààmú. Ọgbọ́n gidi ni, nítorí nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọdún ló ń sọ ẹni tó kọ́kọ́ rí nǹkan.

Eli Chernin, tí òun náà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, ló tú ọ̀rọ̀ yìí wò nínú British Medical Journal ní 1988. Ó rí i pé ìwé tí wọ́n fi yẹ́ Mark sí ní 1903 ti sọ pé òun ló ni ọgbọ́n náà.

Ìlànà ìtọ́kasí tí wọ́n ń pè ní APA ní ẹni tó ni ín: ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá l'Amẹ́ríkà ni, ojú ìwé méje péré ni ó sì jẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1929. Ìlànà Chicago náà ní ìwé òfin láti 1906. Ti Harvard kò ní ìwé òfin kankan tí gbogbo ayé lè ṣí wò. Ìdí nìyí tí yunifásítì kan ní Bìrìtìkó fi máa ń ní kí wọ́n fi kọ́mà sí i, tí èkejì á ní kí wọ́n yọ ọ́, tí àwọn méjèèjì á sì máa pè é ní Harvard.

Ó dára kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yan ọ̀nà kan, kí iṣẹ́ gbogbo wọn lè bára mu. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tẹ ìlànà náà jáde lórúkọ ara wọn, kí wọ́n sì fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, kì í ṣe lẹ́yìn tí bírò pupa bá ti kọjá lórí rẹ̀.