Ọ̀fẹ́ Ò Ní Ká Má Ṣà Á

Ẹni tó ń ra ẹ̀wà ní Ọjà'ba, bí ìyá ẹlẹ́wà bá fi ènì sí i, á ṣì yẹ ènì náà wò bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ jọ́nà ọ̀fẹ́ rí ní ilé ìkàwé yunifásítì.

Ọdún 1948 ni wọ́n dá UI sílẹ̀, tòun ti ilé ìkàwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Kenneth Dike lónìí. Owó òkèèrè ni wọ́n fi ń ra jọ́nà ilẹ̀ òkèèrè. Ní 1985, dọ́là kan ò tó náírà kan. Nígbà tí SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, jọ́nà sì di ọ̀wọ́n gógó.

Ìtura dé díẹ̀díẹ̀. Ní 1998, AJOL bẹ̀rẹ̀ sí í fi jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2002, ìkéde Budapest ní kí iṣẹ́ ìwádìí di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Ní 2003, Yunifásítì Lund ní Sweden dá DOAJ sílẹ̀, àkójọ àwọn jọ́nà ọ̀fẹ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Àwọn ayédèrú jọ́nà yọjú: wọ́n á gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, onímọ̀ kankan ò sì ní yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò. DOAJ mú òfin rẹ̀ le. Ní 2016, ó yọ jọ́nà bí 3,300 tí ò tún orúkọ fi sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí láíbìrìan fi gbọ́dọ̀ bèèrè: Ta ni olóòtú? Ta ló ń yẹ iṣẹ́ wò? Ṣé àwọn tó ti jáde tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀? Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí wọ́n bá ṣà la máa fi kọ project. Bó bá jẹ́ oníkòkòrò ni wọ́n bù fún wa, àwa náà la máa jẹ ẹ́.