Ohun tí ó Fara Sin nínú Orin: Ẹ̀kọ́ láti Ara "Yorùbá Ronú"

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti ní ìdálẹ̀, àwọn àgbà a máa wí pé bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni orin Yorùbá rí. Ẹni tí ó bá di ọ̀rọ̀ orin nìkan mú, èèpo ni ó mú. Inú ohun tí ó bí orin náà ni kóró wà.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ iṣẹ́ olóògbé Hubert Ògúndé wò, ọmọ Òṣóòsà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí a bí ní 1916. Ó ti ṣe ọlọ́pàá rí kí ó tó fi eré àti orin ṣe iṣẹ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní 1945, ó fi ọ̀ràn wọn ṣe eré "Strike and Hunger". Ní 1946 àwọn aláṣẹ dá eré náà dúró ní ìlú Jos.

Ní 1964 ni ó gbé "Yorùbá Ronú" jáde. Ìjà ti fọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, sí méjì láti 1962. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti wà ní ẹ̀wọ̀n láti 1963. Olóyè Akíntọ́lá ni ó sì ń ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ìtàn ọba kan ni Ògúndé sọ, ọba tí igbákejì rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́, tí ó sì tà á fún ọ̀tá. Kò dárúkọ olóṣèlú kankan. Síbẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìtàn ọba àtijọ́ lásán ni, ta ni ìbá bínú? Ògúndé fi eré mìíràn fèsì, ó pè é ní "Òtítọ́ Korò". Ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, ni Ọ̀gágun Fájuyì tó mú òfin náà kúrò.

Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kan tún wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ẹ wo orúkọ tí ó sọ eré náà. Kò ní kí Yorùbá jà, kò ní kí wọ́n gbẹ̀san; ó ní kí wọ́n ronú. Gbogbo ìran ni ó sì bá wí, kì í ṣe ẹnì kan. Ẹni tí ó gbọ́ èébú olóṣèlú nìkan nínú rẹ̀ kò tíì gbọ́ ìdajì.

Àwa mọ ìtumọ̀ wọ̀nyí nítorí pé a mọ ọdún náà, a sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn orin ìlú tiwa ńkọ́, èyí tí a ń kọ nígbà ọdún ìbílẹ̀ àti èyí tí àwọn ìyá wa fi ń bá ara wọn wí? Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ wọ́n, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò mọ ẹni tí orin ń bá wí. Nítorí náà a bẹ gbogbo ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa: nígbà tí ẹ bá ń kọ orin àwọn àgbà sílẹ̀, ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta. Ta ni ó dá a? Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ta ni a fi ń bá wí? Kí ẹ sì tètè bi wọ́n, nígbà tí wọ́n ṣì wà.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Bí a kò bá fi ìtàn lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́, kí ni wọn yóò fi sọ ààbọ̀ náà di odindi?