BÍ A TI SO IṢẸ́ ÌJỌ PỌ̀ NÍ ILẸ̀ Ẹ̀GBÁ

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbàlagbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìjọ tí ó bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún ti di àgbà, ó sì yẹ kí ó wo ẹ̀yìn, kì í ṣe nítorí pé ó ṣubú, bí kò ṣe kí ó má baà ṣubú. Ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ wá bá wa yọ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín ni ó mọ orúkọ àwọn tí ó mú Ìhìnrere wá sí Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tí ó mọ ọ̀nà tí a gbà di iṣẹ́ náà pọ̀ tí kò fi tú ká. Ọ̀nà náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

ÌBẸ̀RẸ̀ IṢẸ́ NÁÀ

Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ olórí wọn, tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ. Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí tí àwọn ọmọ wọn tí a ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun òyìnbó sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti Sàró padà wá sílé. Àwọn ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi olùkọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Wesley dé ní oṣù December 1842. Henry Townsend ti ẹgbẹ́ C.M.S. dé ní ọjọ́ 4 oṣù January 1843. Ṣódẹkẹ́ kú ní ọdún 1845, ọ̀nà sì dí, tí Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther fi jókòó pẹ́ ní Àgbádárìgì. Ọjọ́ 3 oṣù August 1846 ni wọ́n wọ Abẹ́òkúta láti máa gbé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù February 1848, Àfálà, ìyá Crowther, wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ rì bọmi.

Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó jùmọ̀ wà nínú odi kan, olúkúlùkù pẹ̀lú Ògbóni àti ológun tirẹ̀. Nítorí náà iṣẹ́ Ọlọ́run kò lè fi ìdí kalẹ̀ sí ojú kan. Townsend wà ní Aké, Crowther wà ní Ìgbẹ̀in, a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìkìjà, ní Òwu àti ní àdúgbò mìíràn. Bí a kò bá wá ohun tí yóò so wọ́n pọ̀, ìjọ púpọ̀ ni ìbá wà, Ìjọ kan kì bá sí.

ÌLÀNÀ HENRY VENN

Henry Venn ni akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ C.M.S. ní London láti ọdún 1841 títí di ọdún 1872. Ó ní ìjọ tí a bá gbìn gbọ́dọ̀ lè bọ́ ara rẹ̀, kí ó ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì tan Ìhìnrere fúnra rẹ̀; nígbà náà ni àjèjì lè kúrò níbẹ̀ lọ sí oko mìíràn. Nínú ìlànà tí ó kọ ní ọdún 1861, ó sọ bí a ó ṣe gun àkàbà náà. Kí àwọn onígbàgbọ́ pín sí kíláàsì, kí olúkúlùkù ní olórí láàárín ara wọn. Kí wọ́n máa pàdé lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì máa san owó díẹ̀díẹ̀ sí àpótí Ìjọ. Bí kíláàsì bá pọ̀ tó, kí wọ́n ní àlùfáà tí í ṣe ọmọ ìbílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ ìjọ, lẹ́yìn èyí ni ìpàdé gbogbo àgbègbè.

Owó ẹyọ ni àwọn ìyá wa ń kà sílẹ̀ nínú kíláàsì. Olórí kíláàsì ni ó mọ ẹni tí ó ń ṣàìsàn, ẹni tí ó jáwọ́ nínú ìsìn, àti ẹni tí ìdílé rẹ̀ ń ṣe inúnibíni sí. Òun ni ojú àti etí àlùfáà. Ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín rẹ̀.

LẸ́TÀ ÀTI ÌWÉ ÌRÒHÌN

Okùn kejì ni ìwé kíkọ. Àwọn àlùfáà àti àwọn kátíkíìsì ń kọ ìròhìn iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí London, ẹgbẹ́ a sì máa tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde, kí àwọn ará ibẹ̀ lè gbàdúrà kí wọ́n sì ṣe ìtọrẹ. Ní ọdún 1853 ni Sarah Tucker tẹ odindi ìwé jáde nípa Abẹ́òkúta, orúkọ ìlú wa sì di mímọ̀ ní ilé àwọn tí kò lè rí Olúmọ láéláé.

Ní ọjọ́ 3 oṣù December 1859, Townsend tẹ Ìwé Ìròhìn jáde fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ní èdè tiwa. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ó ń jáde, ọgọ́fà owó ẹyọ ni a sì ń tà á. Ìrìbọmi, ìgbọ́wọ́lé, ìrìnàjò àlùfáà, ọ̀rọ̀ àwọn olóyè àti iye owó òwú wà nínú rẹ̀. Èrò Townsend ni pé kí àwọn ènìyàn sọ ìwé kíkà di àṣà. Ẹni tí ó wà ní Òwu lè mọ ohun tí Ọlọ́run ń ṣe ní Ìbàdàn, níbi tí David Hinderer ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1851.

ÌFỌ́LÉ

Ìjà dé láàárín ìjọba Ẹ̀gbá àti Gómìnà Glover ti Èkó nítorí ààlà àti ọ̀nà òwò. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 13 oṣù October 1867, a kọlu àwọn ilé Ọlọ́run ní Abẹ́òkúta, a kó wọn ní ìkógun. Àwọn òyìnbó sì ní láti fi ìlú sílẹ̀. Èyí ni a ń pè ní Ìfọ́lé. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sá lọ sí Èkó, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ìwé Ìròhìn dákẹ́.

Ṣùgbọ́n Ìjọ kò kú. Àwọn tí ó kù tún kó ara wọn jọ lábẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, àwọn bí àlùfáà William Moore ti Òsìẹ̀lẹ̀ àti John Òkénlá, Balógun àwọn onígbàgbọ́. Ohun tí a lè fọ́ ni ilé; kíláàsì kò ní òrùlé tí a lè ṣí. Níbẹ̀ ni a mọ̀ pé àkàbà Venn dúró lórí ilẹ̀ líle.

Ọ̀RÀN OWÓ ÀTI ẸRÚ

Ní ọdún 1877, ẹgbẹ́ fi àlùfáà James Johnson, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró, ṣe alábòójútó iṣẹ́ ilẹ̀ Yorùbá, Abẹ́òkúta sì ni ibùjókòó rẹ̀. Ó fẹ́ kí ọrẹ ìjọ pọ̀ sí i, kí Ìjọ lè bọ́ ara rẹ̀. Ó sì dojú kọ ohun tí ó le ju owó lọ: àwọn onígbàgbọ́ wà tí wọ́n ní ẹrú, àní láàárín àwọn òṣìṣẹ́ Ìjọ. Àwọn ọlọ́rọ̀ bínú, ìkùnsínú sì dé London. Ní ọdún 1880 a mú un kúrò ní ipò náà.

Kò sí onígbàgbọ́ tí yóò sọ lónìí pé Johnson ṣì í lórí ọ̀ràn ẹrú. Ẹni tí a fi ẹ̀jẹ̀ rà kò yẹ kí ó máa ra ènìyàn. Síbẹ̀ àwọn ará kùn pé ó ń pàṣẹ ju bí ó ti ń gbìmọ̀ lọ, àwọn òyìnbó tí ìbá sì tì í lẹ́yìn kò dúró tì í. Òtítọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

ÈSO RẸ̀

Ìgbìmọ̀ Ìjọ wá gbilẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1908, Ìgbìmọ̀ Ìjọ àgbègbè Abẹ́òkúta dá Abẹ́òkúta Grammar School sílẹ̀. Ní ọdún 1922 a gba orin àlùfáà J. J. Ransome-Kuti sílẹ̀ sínú àwo ní London, tí Ìhìnrere fi wọ ilé ẹni tí kò lè ka ìwé. Dáyósíìsì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1919, ti Ẹ̀gbá ní ọdún 1976, Aké sì ni ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin ará, ilé tí a ń ṣe àjọyọ̀ rẹ̀ yìí dúró lórí owó ẹyọ àwọn tí a kò kọ orúkọ wọn sí ara ògiri kankan. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí a bá fi kíláàsì sílẹ̀ tí a sì gbẹ́kẹ̀lé ọlọ́rọ̀ mélòó kan, kò sí ohun tí yóò mú wa dúró ní ọjọ́ tí ìfọ́lé mìíràn bá dé. Bí a bá sì pa ìgbìmọ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tí a bẹ̀rù láti sọ òtítọ́ nínú rẹ̀, àkàbà ni a ní, a kò gòkè. Kí Ọlọ́run àwọn baba wa fún wa ní ọkàn láti di méjèèjì mú, kí àwọn tí yóò ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lè bá a lọ́wọ́ wa. Àmín.