Òǹtẹ̀ Ẹ̀yìn Páálí: Ìsọ̀ Àwo Orin àti Ìtàn Wa, láti Òsì àti Ìlọ́fà

Ìfáárà

Ní ilé bàbá bàbá mi ní Òsì, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì ti Ìpínlẹ̀ Kwara, àpótí onígi kan wà lábẹ́ ibùsùn tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn. Àwo orin ni ó kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn tí bàbá ṣípò padà, àpótí náà wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àlejò kan fi dé láti ìlú ńlá tí ó sì ra gbogbo àwo inú rẹ̀ ní owó tí kò lè ra àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Páálí àwo kan ṣoṣo ni ó fi sílẹ̀, nítorí pé ó ti ya. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, bàbá ti fi bírò kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọdún 1972. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà ni òǹtẹ̀ ìsọ̀ tí ó ti rà á wà, pẹ̀lú orúkọ ìlú: Òmù-Àrán.

Òǹtẹ̀ yẹn ni ó bí iṣẹ́ yìí. Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé ìsọ̀ àwo orin kì í ṣe ibi ìtajà lásán nínú ìtàn àwùjọ Yorùbá. Ó ṣe iṣẹ́ ilé ìkàwé fún àwọn tí ó kàwé àti àwọn tí kò kàwé, olówó ìsọ̀ sì ni olùtọ́jú rẹ̀. Bí ìsọ̀ bá ti pa rẹ́, inú àpótí àwọn ará ilé ni ìyókù ilé ìkàwé náà wà. Ohun tí a bá fi àpótí wọ̀nyí ṣe ní àkókò yìí ni yóò sọ bóyá àwa fúnra wa yóò lè kọ ìtàn náà.

Bí Àwo Ṣe Dé Àárín Wa

Ní 1877 ni Thomas Edison ṣe ẹ̀rọ tí ó ń gba ohùn sílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Emile Berliner gbé àwo pẹlẹbẹ kalẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí èdè Yorùbá fi wọ inú rẹ̀. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin 43 fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1936, Túndé King gba orin jùjú sórí àwo Parlophone ní Èkó.

Àwo ìgbà náà, tí ó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Olórin tí ó bá fẹ́ ki ènìyàn ní láti gé oríkì kúrú. Ó tún máa ń fọ́ bí àwo tánganran. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo elípíì tí a fi ike ṣe jáde ní 1948, ojú kan ṣoṣo lè gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ìyípadà yìí bá àṣà wa mu ju bí àwọn tí ó ṣe é ti lè rò lọ. Olórin lè ki ìdílé kan láti orí dé ẹsẹ̀, kí ó fi òwe gbè é, kí ó bọ́ sínú orin mìíràn láìdákẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe lójú agbo.

Ohun kan tún wà tí ó jẹ́ kí àwo dé ìgbèríko. Gíràmófóònù àtijọ́ kò nílò iná mànàmáná. Ọwọ́ ni a fi ń wé e. Àwọn ẹ̀rọ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń lo bátìrì. Fún ìlú tí wáyà iná kò tíì dé, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ọlọ́jà àti Olórin

Àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè bíi HMV, Parlophone, Philips àti Decca ni ó kọ́kọ́ di ọjà yìí mú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ta àwo ní ojú títì ni ó mọ ohun tí etí ará ìlú ń fẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣòwò kan ní Èkó, bí àwọn tí ó ni Jofabro àti Take Your Choice, fi kúrò ní atàwo lásán tí wọ́n sì ń ṣe àwo jáde lórúkọ ara wọn.

Ìtàn Hárúnà Ìṣọ̀lá fi agbára ará ìlú hàn. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó ṣe fún HMV ní 1948 ní ìyìn Ọba Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó, kò tà. Nígbà tí ó tún orin náà ṣe ní 1955 lẹ́yìn tí ọba náà wàjà ni òkìkí rẹ̀ kàn. Ní 1969, òun àti I. K. Dáíró dá ilé-iṣẹ́ STAR sílẹ̀, kí èrè iṣẹ́ olórin lè máa bọ́ sọ́wọ́ olórin. Ní 1974, Sunny Adé kúrò lọ́dọ̀ African Songs ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Dáíró yìí kò jìnnà sí wa. Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí ní 1930, níbi tí bàbá rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ní 1963, ìjọba Ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ọ̀fà, Ìlọrin àti Òmù-Àrán ni ará Òsì tàbí Ìlọ́fà ń ná bí ó bá fẹ́ ohun tí ọjà ilé kò ní. Ẹni tí ó lọ ta iṣu tàbí kòkó lè gbé àwo kan bọ̀ wálé.

Ní ìsọ̀ náà, gbohùngbohùn a máa wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lápò lè dúró kí ó gbọ́ orin tuntun tán. Olówó ìsọ̀ a máa mọ oníbàárà tí ó fẹ́ràn sákárà àti èyí tí ó jẹ́ pé orin ìjọ ni ó ń wá. Yóò tọ́jú èyí tí ó bá dé sílẹ̀ dè é. Nípa báyìí ni ohùn ẹ̀ka-èdè gbogbo fi wọ ilé àwa Èkìtì ti Kwara: Ìjẹ̀bú lẹ́nu Hárúnà, Ẹ̀gbá lẹ́nu Àyìnlá Ọmọwúrà, Ìlọrin nínú dadakúàdà Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú. Ṣáájú kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa tó dé Ìjẹ̀bú, wọ́n ti ń fi òwe Ìjẹ̀bú sọ̀rọ̀.

Àwo Gẹ́gẹ́ bí Ìwé Ìtàn

Òpìtàn tí ó bá gbójú lé ìwé ìròyìn àti ìwé ìjọba nìkan yóò pàdánù púpọ̀. Nígbà tí Hubert Ògúndé ṣe eré Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ológun gbàjọba ní 1966 ni òfin náà tó ká kúrò. Ojú tí ó wo eré náà nígbà náà ti ń dín kù, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ ṣì wà lórí àwo, a sì lè gbọ́ ìbínú àti ìbànújẹ́ ọdún náà nínú ohùn ẹni tí ó là á já.

Bákan náà ni Àyìnlá Ọmọwúrà fi orin ṣàlàyé ètò ìkànìyàn ọdún 1973 àti owó náírà tuntun fún àwọn tí kò lè ka ìkéde ìjọba. Àwo Oroki Social Club tí Hárúnà ṣe ní 1971 jẹ́ ẹ̀rí bí ẹgbẹ́ afẹ́ ṣe lágbára tó ní Òṣogbo lásìkò náà. Ìjálá Ògúndáre Fóyánmu àti ewì Láńrewájú Adépọ̀jù tún fi hàn pé kì í ṣe orin ijó nìkan ni àwo gbà. Nínú gbogbo wọn ni a ti ń bá orúkọ oníṣòwò, awakọ̀ àti ìyálọ́jà pàdé, àwọn tí ìwé ìròyìn kò bìkítà fún.

Páálí àwo pàápàá jẹ́ ìwé. Aṣọ tí olórin wọ̀, àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́, àti òǹtẹ̀ ìsọ̀: ẹni tí ó bá to òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ láti ilé dé ilé lè ya àwòrán ọ̀nà tí orin gbà rìn láti Èkó dé Òkè-Ẹ̀rọ̀.

Bí Ìsọ̀ Ṣe Kógbá Wọlé

Kásẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ dá ọjà yìí rú. Ó rọrùn láti gbé, ó rọrùn láti lù nínú ọkọ̀, ó sì rọrùn láti dà kọ láìsanwó fún olórin. Lẹ́yìn náà ni ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 sọ náírà di yẹpẹrẹ, ohun èlò tí a fi ń tẹ àwo sì di ọ̀wọ́n gógó. Ọ̀pọ̀ atàwo gbé kásẹ́ẹ̀tì sórí pẹpẹ, lẹ́yìn náà sídíì. Àwọn mìíràn kúkú yí padà sí aṣọ tàbí fóònù.

Ohun tí a kò retí ni pé ayé yóò tún padà síbẹ̀. Ní 2008, àwọn onísọ̀ àwo tí ó dá dúró ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ àjọ̀dún tiwọn. Ní 2022, àwo tí wọ́n tà ní orílẹ̀-èdè náà, nǹkan bí mílíọ̀nù 41, ju sídíì lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1987. Àwo ní ara tí a lè dì mú. Ó ní ojú méjì. Bí ojú kan bá parí, ènìyàn gbọ́dọ̀ dìde. Orin inú fóònù ń kọjá létí ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n àwo ń kó ará ilé jọ.

Àwo Yorùbá wà nínú ohun tí ayé ń wá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìsọ̀ Stern's ní Tottenham Court Road, tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ìsọ̀ ohun èlò iná, di ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà ti ń ra orin ilé. Ní Ìkòyí, Kúnlé Téjúoṣó àti Tundùn Téjúoṣó dá Jazzhole sílẹ̀ ní 1991. Láti inú ìsọ̀ yìí ni ìgbìyànjú ti jáde láti kó àwọn àgbà olórin tí a ti gbàgbé jọ, bíi Fàtáì Rolling Dollar. Rẹ̀mí Vaughan-Richards sì ṣe fíìmù Fàájì Àgbà nípa wọn ní 2015. Èyí fi hàn pé ìsọ̀ kan tí olówó rẹ̀ mọ ohun tí ó ń tà lè tún orúkọ tí ó ti sọnù ṣe.

Ẹ̀kọ́ láti Ara Igi Gbígbẹ́

Àwa ará Òsì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ti rí irú èyí rí. Aréògún ti Òsì, tí ó kú ní 1954, gbẹ́ ilẹ̀kùn tí ó kó ìgbésí ayé ìgbà rẹ̀ sójú kan. Bámigbóyè, tí a mọ̀ mọ́ Odò-Ọ̀wá, gbẹ́ agbárí Ẹ̀pa tí akọni ọkùnrin nìkan lè rù. Lónìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ òkèèrè ni a ti ń rí púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá fún Bámigbóyè. Inú mi dùn sí i, ó sì dùn mí: ọmọ Odò-Ọ̀wá tí ó bá fẹ́ wo iṣẹ́ baba rẹ̀ ní láti gba físà.

N kò bá àlejò tí ó ra àpótí wa jà. Ó sanwó, ó sì ṣeé ṣe kí ó tọ́jú àwo náà ju bí a ti tọ́jú rẹ̀ lọ. N kò dá àbúrò bàbá mi tí ó tà á lẹ́bi. Ta ni nínú àwa tí a kàwé ni ó sọ fún un pé ìwé ìtàn ni ó wà lábẹ́ ibùsùn?

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe kò kọjá agbára wa. Kí àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ Yorùbá rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé wọn láti kọ àkójọ àwo tí ó wà níbẹ̀: orúkọ olórin, nọ́ńbà àwo, orúkọ àwọn tí a kì nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ ìsọ̀. Kí wọ́n ya fọ́tò páálí tojú-tẹ̀yìn, kí wọ́n sì da ohùn rẹ̀ kọ. Kí wọ́n bi àwọn atàwo tí ó ṣì wà láàyè léèrè ọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó lọ. Kí a kọ́ ará ilé pé òòró ni a ń to àwo, a kì í tò ó lérí ara wọn, a kì í sì í sá a sóòrùn. Bí ẹni tí ó ni ín bá sì fẹ́ tà á, kí ó mọ ohun tí ó ń tà.

Páálí yíya yẹn wà lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ èyí. Orin tí ó wà nínú rẹ̀, n kò tíì gbọ́ ọ rí.