Lọ́ọ̀kì Ilẹ̀kùn Mọ́tò Kì Í Ṣe Nítorí Olè Nìkan

Bí lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn mọ́tò bá bàjẹ́ nílẹ̀ wa, olè ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. “Ṣé wọn ò ní jí rédíò inú ẹ̀ lọ báyìí?” Òótọ́ ni o, olè ń bẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ìtàn rẹ̀, ẹ ó rí i pé ikú gan-an ló kọ́ àwọn òyìnbó bí a ti ń ṣe lọ́ọ̀kì tó dára.

Mọ́tò tí Karl Benz ṣe ní Jámánì ní ọdún 1886 kò ní ilẹ̀kùn rárá. Gbangba ni wọ́n ń jókòó sí. Nígbà tí ilẹ̀kùn dé, irú ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n gbé síbẹ̀: ahọ́n irin kékeré tó ń wọ inú ihò, ó parí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fi ínjì sí apá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí irú èyí bá ṣí lórí eré, afẹ́fẹ́ á gbá a mú, á sì fà á gbàgà. Abájọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pè é ní ilẹ̀kùn ìpara-ẹni!

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Hugh DeHaven. Ọkọ̀ òfuurufú já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní ọdún 1917. Ó fara pa gidigidi, ṣùgbọ́n kò kú. Kí ló ń pa ènìyàn gan-an nínú jàǹbá? Ìbéèrè yìí ló gbé dé Yunifásítì Cornell. Ní àwọn ọdún 1950, ìwádìí ibẹ̀ tú àṣírí ńlá kan: ẹni tí mọ́tò bá jù síta nínú jàǹbá, ewu ikú rẹ̀ tó ìlọ́po 5 ti ẹni tó dúró sínú. Ibo ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà jáde? Ẹnu ilẹ̀kùn ni! Bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, ara rẹ̀ á lọ́, ahọ́n irin á yọ nínú ihò.

Ní ọdún 1956, Ford gbé lọ́ọ̀kì tuntun jáde, èyí tó di òpó mú gírígírí. Mercedes-Benz ṣe tirẹ̀ ní 1959. Ní 1965, Ralph Nader fi ìwé rẹ̀ pariwo ọ̀rọ̀ ewu inú mọ́tò. Nígbà tó fi di January 1, 1968, òfin Amẹ́ríkà ti sọ bí lọ́ọ̀kì mọ́tò tuntun ti gbọ́dọ̀ lágbára tó. Títí di òní, àwọn panápaná ibẹ̀ ṣì ń fi orúkọ Nader pe irin ara òpó tí lọ́ọ̀kì ń gbá mú.

Òfin yìí ti pé ọdún 7 nígbà tí Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní 1975. Àwa wá ń fi okùn àti wáyà so ilẹ̀kùn! Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jọ̀wọ́: kí ẹ tó tú irin ara òpó, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì yí i ká, kó lè padà sáyè rẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ lọ́ọ̀kì, ẹ kọ́kọ́ fi irin pẹlẹbẹ tì í nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, kí ẹ fa ọwọ́ ilẹ̀kùn tinú tòde, bóyá yóò tú. Bí kò bá tú, ẹ má pa ilẹ̀kùn dé. Bí ẹ bá sì ń pa á dé, ìró méjì lẹ ó gbọ́. Bó bá dúró sí ẹyọ kan, kò tíì dé.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ilẹ̀kùn tí a fi okùn so, ọmọ ta la fẹ́ gbé tì í?