Land Rover tí sitiárìn ẹ̀ wà lápá ọ̀tún

Tẹ́ ẹ bá rí Land Rover àtijọ́ ní Ìlá, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí sitiárìn ẹ̀ wà. Tó bá jẹ́ apá ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kó ti dé kó tó di April 2, 1972, ọjọ́ tí Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Western State la ṣì wà nígbà yẹn.

Ti bàbá àgbà wa rèé. Àpótí sitiárìn ẹ̀, Burman ti Birmingham ló ṣe é. Ti ọ̀tún àti ti òsì ò ṣeé fi rọ́pò ara wọn, ti òsì nìkan la sì rí rà. Mẹkáníìkì kan ní ká kúkú gbé sitiárìn lọ sí òsì. Láéláé! Ìtàn 1972 lẹ fẹ́ pa rẹ́ yẹn.

A bá tú u. Irin gbọọrọ kan ló wà nínú ẹ̀, ojú ẹ̀ lọ́ bíi ti skúrù; nọ́ọ̀tì ńlá ń rìn lórí ẹ̀, bọ́ọ̀lù irin kéékèèké wà láàárín wọn. Àárín ló máa ń jẹ jù, torí iwájú tààrà la máa ń wà jù. Ìdí nìyí tí táyà fi gbọ́dọ̀ kọjú síwájú kẹ́ ẹ tó fún skúrù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fún un nígbà tí táyà yí, yóò le gbagidi tó bá padà sí àárín.

Ẹ má rọ gíríìsì sí i nítorí pé ó ń jò o. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì, kẹ́ ẹ da ọ́ìlì gíà 90 sí i.

Bọ́ọ̀lù irin tuntun la fi sí tiwa. Nọ́ọ̀tì ẹ̀ ṣì dára.